Àwòrán sára pólò pẹ̀lú ẹ̀rọ inkjet àti áyọ́ọ̀nù ilé: bí kò ṣe ní ṣí lọ́jọ́ ìfọṣọ àkọ́kọ́

Iṣẹ́ yìí ni kí á tẹ àwòrán sórí pépà transfer, ìyẹn pépà tó ní awọ ọ̀rá tí ooru áyọ́ọ̀nù ń yọ́ mọ́ aṣọ pẹ̀lú àwòrán. Ọ̀nà mẹ́rin ló fi máa ń bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Orúkọ ọlọ́jọ́-ìbí á hàn sódì, kò sì ní ṣeé kà àfi nínú dígí. Etí àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè. Àwọ̀ á ṣàn sínú omi ọṣẹ. Tàbí kí àwòrán pòórá lórí aṣọ dúdú bí ẹni pé ẹ kò tẹ nǹkan kan sí i rárá. Ẹni tó bá ń ṣe pólò ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tún ní ìṣòro kan kún un: oṣù kẹjọ ni ọdún náà ń bọ́ sí, àárín òjò, tí aṣọ àti pépà ń fa omi látinú afẹ́fẹ́.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni a sábà máa ń di ẹ̀bi rù. Ẹ̀rọ kọ́. Pépà tí kò bá aṣọ mu, aṣọ tí kò gbẹ dénú, áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná tó, àti ìkánjú ló ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀lé ìpele tó wà nísàlẹ̀ yìí, tí ẹ sì ń yẹ iṣẹ́ wò kí ẹ tó bọ́ sí ìpele tó kàn, ẹ ó mọ ibi tí nǹkan ti fẹ́ wọ́ kí pépà tó ṣòfò.

OHUN TÍ Ẹ Ó KÓ JỌ

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inkjet, èyí tó ń fi íǹkì olómi ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì tàbí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni ẹ ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ béèrè kí ẹ tó ki pépà bọ̀ ọ́, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ jẹ́ laser. Ẹ̀rọ laser ní irin gbígbóná nínú tó fi ń yọ́ íǹkì ẹlẹ́bú sórí pépà. Pépà transfer tí wọ́n ṣe fún inkjet á yọ́ mọ́ irin náà lára, ẹ̀rọ oníẹ̀rọ á sì bàjẹ́.

Íǹkì. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: dye, tí àwọ̀ rẹ̀ ti yọ́ pátápátá sínú omi, àti pigment, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rún wẹ́wẹ́ tó léfòó nínú omi. Pigment ló ń fara da omi jù. Ẹ̀rọ Epson alágolo íǹkì bíi L3110 àti L3250 ń lo dye fún gbogbo àwọ̀; ọ̀pọ̀ HP àti Canon ń lo pigment fún dúdú nìkan, dye fún ìyókù. Dye náà ṣeé lò, àmọ́ kò ní gba àṣìṣe kankan lọ́wọ́ yín nígbà lílọ̀ àti fífọ̀. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà nínú ẹ̀rọ yín, ẹ tẹ ìlà dúdú, pupa àti búlúù sórí pépà lásán, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ kán omi sí i, kí ẹ fi ìka ra á. Èyí tó bá ṣàn, dye ni.

Ẹ ṣọ́ra fún íǹkì sublimation. Ó ń bọ́ sínú ẹ̀rọ inkjet kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á fún ẹni tó bá béèrè íǹkì pólò. Aṣọ polyester ló wà fún, pẹ̀lú ooru tó tó 190 sí 200°C. Òwú kò lè gbà á mọ́ra. Bí ẹ bá fọ aṣọ náà, àwòrán á ṣá dànù.

Pépà transfer A4 fún inkjet, irú èyí tó bá àwọ̀ aṣọ yín mu. Ìpele kìíní dá lé e.

Áyọ́ọ̀nù oníná tó tó 1000 W ó kéré tán, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí kò ní ìdọ̀tí. Bó bá jẹ́ èyí tó ń tú omi, ẹ da omi inú rẹ̀ nù pátápátá kí ẹ sì pa ibi títú omi náà. Èyí tí kò ní ihò nísàlẹ̀ rárá ló dára jù. Áyọ́ọ̀nù eléèédú kò yẹ fún iṣẹ́ yìí: ooru rẹ̀ kò dọ́gba, eérú rẹ̀ sì lè já sórí àwòrán.

Iná tó tó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé áyọ́ọ̀nù 1000 W. Iná NEPA tó bá dé ní àbọ̀ náà ń dá iṣẹ́ rú láìjẹ́ pé ẹ fura. Bí iná bá ti 230 V wálẹ̀ sí 160 V, agbára áyọ́ọ̀nù á já sí bí ìdajì. Ó ṣì lè mú ìrún aṣọ nà, kò sì ní lè yọ́ awọ ọ̀rá inú pépà mọ́ òwú. Bí gílóòbù ilé yín bá ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ tẹ àwòrán kí ẹ gbé e pa mọ́ sínú ọ̀rá tó gbẹ, kí ẹ dúró de iná gidi.

Tábìlì onígi tó le, tí kò ga ju ìbàdí lọ kí ẹ lè fi ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ má lo pákó ìlọṣọ onífóòmù. Fóòmù ń rì, ìsàlẹ̀ pákó náà sì ní ihò, nítorí náà ooru àti agbára tí ẹ bá fi sí i ń bọ́ lọ. Ẹ má sì lo tábìlì onídígí tàbí oníke.

Lẹ́yìn ìyẹn, àpò ìrọ̀rí òwú kan, sísọ́ọ̀sì tó mú, rúlà, pépà A4 lásán, àkísà funfun, àti pépà tí àwọn aṣekéèkì fi ń tẹ́ inú páànù, èyí tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi àbẹ́là pa lára o. Ìyẹn á yọ́ sí aṣọ yín.

ÌPELE 1: Ẹ MỌ PÉPÀ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ YÍN

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé kò ní íǹkì funfun. Ibi tó bá jẹ́ funfun nínú àwòrán, kò ní tẹ nǹkan kan síbẹ̀. Ohun tó fà á nìyí tí pépà transfer fi jẹ́ méjì.

Ti aṣọ funfun tàbí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní awọ ọ̀rá tí kò ní àwọ̀, tó dà bí omi. Àwọ̀ aṣọ ló ń hàn láti abẹ́ rẹ̀. Ẹ ó tẹ àwòrán rẹ̀ sódì, ẹ ó da ojú rẹ̀ dé aṣọ, ẹ ó lọ̀ ọ́, ẹ ó sì bó pépà ẹ̀yìn kúrò.

Ti aṣọ dúdú ní awọ funfun tó nípọn. Ẹ ó tẹ àwòrán bó ṣe rí gan-an, ẹ ó kọ́kọ́ bó pépà ẹ̀yìn, ẹ ó tẹ́ àwòrán sórí aṣọ pẹ̀lú ojú rẹ̀ lókè, kí ẹ tó fi pépà kéèkì bò ó, kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Àṣìṣe tó ń ba aṣọ jẹ́ jù ni kí èèyàn fi pépà aṣọ funfun sórí aṣọ dúdú. Kò sí àtúnṣe fún un. Lórí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pàápàá, ẹ rántí pé àwọ̀ ń dàpọ̀: búlúù lórí aṣọ yẹ́lò á di àwọ̀ ewé. Òdìkejì rẹ̀, pépà aṣọ dúdú lórí aṣọ funfun, ń ṣiṣẹ́, àmọ́ á le lára bí ike, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á sì máa làágùn lábẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ra pépà ní ẹyọ ẹyọ láìsí páálí rẹ̀, ẹ fi èékánná gbìyànjú àtibó igun kan. Ti aṣọ dúdú á ṣí bíi sítíkà. Ti aṣọ funfun kò ní ṣí bí kò bá tíì rí iná.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: gé pépà náà ní ìwọ̀n ìka méjì, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àkísà òwú. Bó bá jẹ́ ti aṣọ funfun, ẹ ó rí bóyá gbígbóná ni pépà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń ṣí dáadáa tàbí lẹ́yìn tó bá tutù. Páálí sábà máa ń sọ ọ́, ohun tí páálí bá sì wí ni kí ẹ tẹ̀lé, títí kan iye ìṣẹ́jú. Èyí tí mo kọ síbí wà fún ìgbà tí páálí kò bá sí.

ÌPELE 2: AṢỌ

Òwú pátápátá ló dára jù. Àdàlù òwú àti polyester tí òwú inú rẹ̀ tó ìdajì náà ṣeé lò. Bí aṣọ kò bá ní lébẹ́lì, ẹ fa òwú díẹ̀ nínú etí rẹ̀, kí ẹ fi iná sí i lórí àwo irin: òwú gidi á rùn bíi pépà tó ń jó, á sì di eérú, polyester á yọ́ ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Aṣọ onínáílọ́ọ̀nù tó ń yọ́ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, ẹ má dán an wò.

Ẹ fọ aṣọ tuntun kí ẹ tó lò ó. Pólò tuntun àti tẹ́rù tí àwọn aládìrẹ ń rà máa ń ní sítáàṣì lára, awọ ọ̀rá á sì lẹ̀ mọ́ sítáàṣì dípò òwú. Nígbà tí sítáàṣì bá bá omi lọ, àwòrán á bá a lọ. Ẹ fi omi àti ọṣẹ lásán fọ̀ ọ́. Ẹ má fi oje ìmúṣọrọ̀ olóòórùn dídùn ṣan án, torí epo ló ń fi sílẹ̀ lára òwú.

Àdìrẹ fẹ́ àmójútó tirẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ní Òṣogbo á fẹ́ tẹ àwòrán sórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ àdìrẹ tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ya, àbẹ́là díẹ̀ máa ń kù nínú òwú. Lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, á yọ́ jáde, á sì dí ojú òwú kí awọ ọ̀rá má ráyè wọlé. Ẹ tẹ́ pépà lásán sórí àti sábẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ lọ̀ ọ́. Bí pépà bá ní àbàwọ́n bí epo, àbẹ́là ṣì wà níbẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ pépà kí ẹ máa lọ̀ ọ́ títí àbàwọ́n kò fi ní hàn mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ aṣọ aláró, ẹ fi àkísà funfun tútù ra á lára. Bí àkísà bá di búlúù, ẹ tún un fọ̀ títí omi rẹ̀ fi máa mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aró á gun àwòrán yín. Pépà aṣọ dúdú sì ni kí ẹ lò, kódà bí àdìrẹ náà bá ní funfun púpọ̀ nínú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kán omi ẹyọ kan sórí aṣọ gbígbẹ. Bó bá jókòó bí ìrì lórí ewé kókò, sítáàṣì tàbí àbẹ́là ṣì wà. Bó bá wọlé lójú ẹsẹ̀, aṣọ ti ṣetán. Ẹ jẹ́ kó tún gbẹ.

ÌPELE 3: ÀWÒRÁN

Pépà A4 jẹ́ 210 mm sí 297 mm. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé fífẹ̀ àwòrán yín kò gbọ́dọ̀ ju 19 cm lọ bí pépà bá dúró. Ìyẹn tó fún àyà àgbàlagbà. Fún ọmọdé, 14 sí 16 cm. Fún orí àpò àyà, 8 cm.

Kí àwòrán 19 cm tó mọ́ ketekete, ó yẹ kí fífẹ̀ rẹ̀ tó bí 2200 píksẹ́ẹ̀lì. Ìdajì ìyẹn ṣì ṣeé fara mọ́. Ohun tó ń ba àwòrán jẹ́ jù ni WhatsApp: bí ẹnì kan bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi fọ́tò, á fún un pọ̀, ojú inú rẹ̀ á di jágbajàgba bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document.

Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá wà lórí aṣọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ológe kò ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Á fi àpótí kékeré rọ́pò ẹ̀ tàbí ṣ, tàbí kó fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà. Noto Sans àti Charis SIL ń gbé gbogbo rẹ̀ dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà nípọn tó mìlímítà méjì, kí àmì ìsàlẹ̀ má baà parẹ́ sínú òwú.

Yíyí sódì wá kù. Fún pépà aṣọ funfun nìkan ni. Ẹ lè ṣe é nínú ètò tí ẹ fi ya àwòrán, tàbí nínú ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, níbi tí wọ́n ti kọ "Mirror Image" tàbí "Flip Horizontal". Ibì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá yí i níbi méjèèjì, á padà sí bó ṣe wà, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi bó pépà lórí aṣọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà lásán. Bó bá jẹ́ ti aṣọ funfun, ẹ gbé e síwájú dígí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé kà nínú dígí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lé àyà pólò. Òkè àwòrán sábà máa ń fi ìka mẹ́rin jìn sí ọrùn aṣọ àgbàlagbà, ìka méjì sí mẹ́ta fún ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín wọ̀ ọ́ wò bó bá ṣeé ṣe, torí ibi tó dára lórí tábìlì máa ń bọ́ sí ikùn lára èèyàn.

ÌPELE 4: TÍTẸ̀ Ẹ́ JÁDE

Ẹ kọ́kọ́ tẹ "Nozzle Check", ìyẹn ìdánwò tó ń fi hàn bóyá ihò íǹkì ẹ̀rọ yín mọ́. Bí ẹ̀rọ bá ti pẹ́ nílẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, íǹkì á ti gbẹ mọ́ àwọn ihò rẹ̀, ìlà tó já á sì hàn nínú àwòrán. Ẹ fọ ihò náà nínú ètò ẹ̀rọ, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, torí íǹkì lẹ fi ń fọ̀ ọ́. Bí kò bá tíì mọ́, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún un ṣe.

Ẹ fi bírò kọ X sórí pépà lásán, kí ẹ tẹ nǹkan sí i, kí ẹ lè mọ ojú tí ẹ̀rọ yín ń tẹ nǹkan sí. Ojú tí kò ní ìlà tàbí orúkọ ilé-iṣẹ́ lára pépà transfer ni ojú títẹ̀. Ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí méjì bá wọlé pọ̀, awọ wọn á ha ara wọn.

Nínú irú pépà, ẹ yan "T-Shirt Transfer" bó bá wà, bí kò bá sí, "Matte". Ẹ má yan pépà fọ́tò dídán. Ìyẹn ń da íǹkì púpọ̀ sílẹ̀, á sì kó jọ bí omi lójú awọ ọ̀rá. Ẹ má sì yan "Borderless", ìyẹn títẹ̀ dé etí pépà.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú; bí òjò bá ń rọ̀, wákàtí kan. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ẹ, ẹ má sì sá a sójú oòrùn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ibi tí àwọ̀ ti kún jù. Bó bá tutù tàbí kó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ìka, kò tíì yá.

ÌPELE 5: GÍGÉ

Ẹ gé e yí ká, kí ẹ fi bíi mìlímítà mẹ́ta sílẹ̀ létí àwòrán. Awọ ọ̀rá tí ẹ kò gé kúrò á hàn lórí aṣọ bí ojú tó ń dán. Ẹ gé igun gbogbo kó rí róbótó, torí igun tó mú ṣóńṣó ni omi àti ìka ń kọ́kọ́ ká. Ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ gé e pọ̀ lódindi. Ẹ má gé láàárín lẹ́tà àti àmì rẹ̀. Ẹyọ àmì tó dá dúró kì í pẹ́ kó tó re.

ÌPELE 6: LÍLỌ̀ Ọ́ SÓRÍ AṢỌ FUNFUN

Ibí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ fi sùúrù kà á kí ẹ tó tan iná.

Ẹ tẹ́ àpò ìrọ̀rí sórí tábìlì láìsí ìrún kankan. Ẹ yí áyọ́ọ̀nù sí ipò òwú, kí ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Iná pupa tó bá kú lórí áyọ́ọ̀nù fi hàn pé ó ti kọ́kọ́ dé ibi tí ẹ yí i sí. Ẹ jẹ́ kó tàn kó sì kú lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gbóná dọ́gba.

Ẹ tẹ́ pólò sílẹ̀, kí ẹ lọ ibi tí àwòrán máa wà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Omi inú òwú lẹ ń lé jáde. Ní ìgbà òjò, aṣọ tó dà bí ẹni pé ó gbẹ ṣì ní omi nínú, omi yìí á sì rú bí èéfín lábẹ́ awọ ọ̀rá, á sì máa tì í sókè nígbà tí ẹ̀yin ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé dígí kékeré tó tutù lé ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀: bí dígí bá fọ́jú, ẹ tún un lọ̀.

Nígbà tí aṣọ ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ da ojú àwòrán dé e. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì àti ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fà á síwá sẹ́yìn bí ìgbà tí ẹ ń lọ aṣọ. Fífà ń ti awọ ọ̀rá tó ti rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwòrán á sì gùn tàbí kó ya. Ẹ tẹ ojú kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ẹ gbé e lé ojú tó kàn kó gun ti àkọ́kọ́ díẹ̀. A4 odindi á gba bí ojú mẹ́fà, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí áyọ́ọ̀nù bá ní ihò nísàlẹ̀, ẹ sún un ní ìka méjì nígbà kejì, nítorí abẹ́ ihò kò rí iná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sí etí. Ẹ fi àárín áyọ́ọ̀nù, kì í ṣe imú rẹ̀, tẹ etí àti igun kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àárín áyọ́ọ̀nù ló sábà ń gbóná jù. Àárín àwòrán la máa ń tẹ̀ jù, etí la sì máa ń gbàgbé, etí náà ló sì ń kọ́kọ́ ṣí.

Bí pépà bá ń pọ́n bíi búrẹ́dì tó fẹ́ jóná, ooru ti pọ̀ jù. Ẹ yí i wálẹ̀ díẹ̀.

Bó bá jẹ́ pépà tí ń ṣí ní gbígbóná, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ fà á pẹlẹbẹ lójú kan, láìdúró, láìjá a gbà. Bó bá jẹ́ ti tútù, ẹ fi í sílẹ̀ títí ọwọ́ yín kò fi ní mọ ooru kankan lára rẹ̀ mọ́. Ẹ ṣí igun kan wò ná. Bí awọ bá ń bá pépà lọ, ẹ dá a padà, kí ẹ tún un lọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wo ojú àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ gbọ́dọ̀ máa rí ìhunsí òwú láti inú rẹ̀. Bó bá tẹ́jú tó ń dán bí ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ lé aṣọ, kò tíì wọnú òwú. Ẹ fi pépà kéèkì bò ó, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá sí i. Ẹ fi èékánná wọ́ etí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò gbọ́dọ̀ gbéra.

ÌPELE 7: BÓ BÁ JẸ́ AṢỌ DÚDÚ

Múmúra aṣọ àti gbígbóná áyọ́ọ̀nù kò yàtọ̀. Ẹ bó pépà ẹ̀yìn kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa di awọ mú ní ìka méjì, torí bó bá ká lé ara rẹ̀, á lẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ, ojú rẹ̀ lókè, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó má ní ìrún. Ẹ fi pépà kéèkì bò ó. Áyọ́ọ̀nù kò gbọ́dọ̀ kan àwòrán lójú kòrókòró, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Á lẹ̀ mọ́ irin, ẹ̀yin náà á sì máa fi ọ̀bẹ ha áyọ́ọ̀nù.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ọ̀kan fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá bíi ti ìpele kẹfà. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí pépà kéèkì. Bí ẹ bá rí ibi tó wú bí ihò afẹ́fẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́ẹ̀kan, ẹ bò ó, kí ẹ tún un tẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fa aṣọ jẹ́jẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Awọ gbọ́dọ̀ bá aṣọ rìn. Bí aṣọ bá ń lọ tí awọ dúró, ooru kò tó.

ÌPELE 8: ỌJỌ́ KAN GBÁKO, LẸ́YÌN NÁÀ FÍFỌ̀

Ẹ má fọ̀ ọ́ kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé. Bó bá pé, ẹ yí inú aṣọ síta, kí ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ ìfọṣọ tó ti yọ́ tán fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọṣẹ odidi ra ojú àwòrán, ẹ má fi ojú àwòrán ra ara rẹ̀, ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ má fi blíìṣì sí i. Ẹ fún un jẹ́jẹ́ láìlọ́ ọ, kí ẹ sá a síbòji pẹ̀lú inú rẹ̀ níta. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ̀ ọ́, láti inú ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ogún pólò fún ẹgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tó tẹ ìyókù. Ẹ máa fi ohun tí ẹ rí ṣe ìdájọ́. Bí àwọ̀ bá ṣàn ṣùgbọ́n tí awọ dúró, íǹkì dye ni kò tíì gbẹ kí ẹ tó lọ̀ ọ́, tàbí awọ ọ̀rá kò yọ́ tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Bí etí bá ṣí, etí kò rí iná tó. Ẹ fi pépà kéèkì bò ó kí ẹ tún un tẹ̀ nígbà tí aṣọ bá gbẹ. Bí odindi rẹ̀ bá ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, sítáàṣì, àbẹ́là tàbí omi ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìpele kejì lẹ ó sì padà sí. Bó bá sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀rùn, ooru ti pọ̀ jù, tàbí aṣọ náà jẹ́ èyí tó ń nà jù. Ẹ wá pólò tí kò nà, kí ẹ dín ìṣẹ́jú kù. Bó bá pọ́n bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó, kò sí ohun tó lè mú un mọ́ mọ́ lórí ẹyọ yẹn, ẹ yí áyọ́ọ̀nù wálẹ̀ fún èyí tó kàn.